Àmì Tí N Kò Fi Sórí Àbùlẹ̀

Bí ẹ bá wọ mọ́tò láti Àgége lọ sí Ọ̀gbà, ẹ ó gbọ́ tí kọ̀ǹdọ́ á máa pariwo pé, "Abúlé Aṣọ! Ẹ̀yin Abúlé Aṣọ, ẹ múra o!" Ẹnì kan á dáhùn pé, "Ó wà o!" mọ́tò á sì dúró. Kò sí abúlé kankan níbẹ̀, kò sì tíì sí i rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù pákó kan tí ìyá ìyá mi máa ń jókòó sí, tí wọ́n ti ń rán àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ tó ya. Pátákó kékeré kan wà lórí ilẹ̀kùn rẹ̀. ABULE ASO ló wà lára pátákó náà, láìsí àmì kan ṣoṣo. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi, tí mò ń pè ní Màmá, ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Màmá gbé ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì fún mi, wọ́n ní, "Dúpẹ́, 'àbùlẹ̀ aṣọ' ni kí o kọ, kí o sì fi àmì sí i." Mo ń kánjú, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí. Mo kọ lẹ́tà mẹ́jọ náà gàdàgbà-gadagba, mo ju búrọ́ọ̀ṣì sínú kẹrosíìnì. Màmá wo pátákó náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀. "Àmì ẹ̀ dà?" Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀." Ẹ gbọ́ mi bí? Gbogbo èèyàn ló máa mọ̀!

Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn kọ̀ǹdọ́ fi sọ ibẹ̀ di abúlé. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ń wá ilẹ̀ rà, ó sì bèèrè ilé baálẹ̀ lọ́wọ́ Màmá. Màmá ní, "Èmi gan-an ni baálẹ̀. Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ wá, èjìká ẹ̀ ti ya." Ọkùnrin náà bọ́ ọ. Nígbà tó lọ tán, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n kọjú sí mi: "O ò fi àmì sí i, o wá fi mí jẹ baálẹ̀."

Ẹ̀rín ni wọ́n rín sí pátákó náà. Èyí tí mo tún kọ lẹ́ẹ̀kejì láìfi àmì sí i, wọn ò rẹ́rìn-ín sí i. N kò jókòó kọ èyí láti máa yin Màmá bí wọ́n ṣe ń yin òkú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ nípa wọn ní Aláúsá, lójú wọn, lójú àwọn èèyàn. Màmá fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ rẹ̀. N kò jẹ́wọ́ títí wọ́n fi kú. Ojú ń tì mí, ojú náà kò sì tíì yé tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Èkìtì ni wọ́n ti wá, "uṣẹ́" ni wọ́n sì ń pe iṣẹ́ títí dọjọ́ ikú, bó ti wù kí Èkó ti pẹ́ lára wọn tó. Ìwé mẹ́ta péré ni wọ́n kà kí bàbá wọn tó ní ó tó. Tíṣà tó kọ́ wọn ní ìwé mẹ́ta yẹn fi pàṣán kọ́ wọn ní àmì ohùn, kò sì kúrò lára wọn mọ́. Pẹ́ńsù kúkúrú kan wà nínú gèlè wọn nígbà gbogbo. Ibi tí wọ́n bá ti rí Yorùbá tí kò ní àmì, ì báà jẹ́ ara ògiri, ì báà jẹ́ ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yọ pẹ́ńsù, wọ́n á fi í sí i. Mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà Oko Ọba kọ A NTUN OKO SE sára ògiri rẹ̀. Màmá dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọkọ tó bàjẹ́ náà lẹ ń tún ṣe? Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n mọ̀ kí tèmi tó kú!" Àwọn mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀. Èmi ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo ti sá lọ sí òdìkejì ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Ara bùbá ni wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́, ní àyà níbí, mẹ́rin, márùn-ún, pẹ̀lú òwú lójú. Nítorí náà, Màmá kì í kàn gbá èèyàn mọ́ra. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, wọ́n á na ọwọ́ òsì sí mi, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún pa àyà bùbá wọn wá, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Dúró ná, abẹ́rẹ́ ń bẹ lára mi." Ẹ rántí ọwọ́ tó ń pa àyà wá yẹn fún mi, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Èyí tó ń mú àwọn èèyàn bínú sí wọn jù ni ìbéèrè wọn. Obìnrin á gbé aṣọ dé, á ní, "Màmá, ó ya ni o." Màmá á ní, "Mo gbọ́ pé ó ya. Ta ló ya á?" Bí onítọ̀hún bá ní ìṣó ni, wọ́n á bèèrè ibi tí ìṣó wà àti ohun tó lé e débẹ̀. Wọn kì í fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ títí wọ́n á fi gbọ́ ọ. Ìyá kan tó ń ta ìfun níbi ìpẹran ní Oko Ọba ní màlúù ló fà á ya. Màmá gba màlúù gbọ́, wọ́n ní màlúù ní ìwo.

Dírẹ́bà kan gbé léèsì wá láti Ọmọ́lẹ̀. "Ìwọ lo wọ̀ ọ́?" "Rárá mà, ọ̀gá mi obìnrin ni." "Ta ló ya á?" "N ò mọ̀, mà." "Gbé e padà." Ọ̀gá rẹ̀ fi ìbínú dé fúnra rẹ̀, ó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé nítorí àbùlẹ̀ lásán lẹ ṣe ń dá ọmọ iṣẹ́ mi padà? Ẹ rán an, ó parí!" Màmá náà gbé ohùn sókè, wọ́n ní abẹ́rẹ́ àwọn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò jáde síta. Àfìgbà tí obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni òun àti àbúrò rẹ̀ jọ fa àpótí aṣọ ìyá wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí àbúrò sì di ọwọ́ léèsì náà mú títí ó fi ya. Màmá kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, wọ́n ní, "Ó dáa. A ti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀."

Níbi irú ọ̀rọ̀ báyìí ni aṣọ ńlá kan ti jáde. Ìyá Sọdíìq ni ọ̀rẹ́ Màmá tó sún mọ́ wọn jù. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà. Ọjọ́ tí wọ́n ti géètì ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n pín aṣọ funfun tó kù nílẹ̀ fún àwọn obìnrin náà, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá Sọdíìq ru tirẹ̀ wá bá Màmá: "Ẹ bá mi gbé e kúrò níwájú mi, n kò fẹ́ rí i." Àwọn yòókù náà gbé tiwọn wá. Màmá rán wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Bí a bá tẹ́ ẹ, ó bo gbogbo àgbàlá, ó sì kù síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bí Màmá bá fẹ́ rán aṣọ tó ya, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun náà, wọ́n á fi pẹ́ńsù yí ojú ibi tó ya ká. Inú ojú yẹn ni wọ́n á ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú fa àwòrán jáde. Ojú léèsì ará Ọmọ́lẹ̀ di obìnrin méjì tí wọ́n di àpótí kan mú. Yúnífọ́ọ̀mù Ìyá Sọdíìq ya gígùn láti ọrùn dé ìdí. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á ya lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tó ya náà di géètì gíga, orí àwọn obìnrin kún abẹ́ rẹ̀ bámú. Màmá fẹ́ràn láti máa sọ pé, "Ẹnì kan ya á, èmi náà yà á. Àmì ló wà láàárín wa."

Ọ̀sán Sátidé ni àwọn obìnrin náà ń wá, bíi mẹ́wàá, bíi méjìlá, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Òfin kan wà: kò sí ẹni tó ń rán tirẹ̀. Ẹni tó ni aṣọ á máa sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á máa rán an. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ́. "Géètì yẹn kò kúrú báyìí!" "Ta ló wà lápá òsì mi lọ́jọ́ yẹn? Ìyá Bọ́sẹ̀ kọ́ ni?" "Ìyá Bọ́sẹ̀ kẹ̀, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn!" Wọ́n á tú òwú, wọ́n á tún un rán. Ohun tí ẹnì kan ti gbàgbé, ẹlòmíràn á rántí rẹ̀. Èmi á jókòó sórí àkàbà, ìwé lọ́wọ́, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé.

Màmá fi igun kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀. "Dúpẹ́, ibi tìrẹ nìyí." Mo ní èmi ò ní aṣọ tó ya. Wọn ò wojú mi. "Ó ń bọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń bá uṣẹ́ wọn lọ.

Mo parí ilé ìwé, mo ń dúró de yunifásítì, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi wá iṣẹ́ akọ̀wé sí ọ́fíìsì kan ní Aláúsá. Ẹ̀yin náà ẹ wò mí: síkẹ́ẹ̀tì dúdú, bàtà gogoro, òyìnbó lẹ́nu fàà. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ Ọmọ́lẹ̀ àti Ìkẹjà. Wọ́n bi mí níbi tí mò ń gbé, mo ní, "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbà." N kò jẹ́ dárúkọ Àgége, ká má tiẹ̀ tíì sọ Abúlé Aṣọ.

Ọ̀gá mi obìnrin ní a fẹ́ kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin sínú gbọ̀ngàn kan kí àwọn àlejò ìjọba lè wá wò ó. Èmi ni mo dárúkọ aṣọ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé ti ìyá ìyá mi ni, mo ní àwọn obìnrin kan ló ni ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá nílé, ẹ̀yin ò rí ayọ̀! Wọ́n fi ọjọ́ méjì fọ ìró wọn, wọ́n fi odindi ọ̀sán lọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ tẹ káàdì tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, wọ́n sin mí dé ẹnu ọ̀nà. "'Àbùlẹ̀' ni orúkọ ẹ̀. Ẹ̀rọ yín lè máà ní àmì o, ṣùgbọ́n bírò ní."

Bírò wà lọ́wọ́ mi. N kò lò ó. N kò lè sọ pé mo gbàgbé, nítorí mo rántí. Mò ń rò ó pé bí mo bá fi pẹ̀lẹ̀-pẹ̀lẹ̀ gún àmì wọ̀nyẹn sí i, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á ní, "Ah-ah, Dúpẹ́, ta ló kọ́ ẹ?" Mo gbé ABULE fún ọ̀gá mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á, inú wọn dùn: "Abúlé! Ó dára gan-an. Kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwọn obìnrin abúlé ló ṣe é." Mo lọ tẹ̀ ẹ́. ISE OWO AWON OBINRIN ABULE. Àwọn obìnrin tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, mo fi ìka méjì tí mo fi ń tẹ̀wé kó wọn lọ sí abúlé.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Aṣọ náà bo ògiri kan láti òkè dé ilẹ̀, àwọn èèyàn dúró níwájú rẹ̀. Mo rí i tí omi lé ròrò lójú obìnrin kan tó wọ kóòtù. Ìgbà náà ni Màmá wọlé. Ìró tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n lọ̀ yẹn, àbùlẹ̀ mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀, aláwọ̀ mọ́kànlá, wọ́n sì ró o mọ́ ìdí pẹ̀lú ìgbéraga bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n rí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa àyà bùbá wọn wá, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ yọ.

Ọ̀gá mi ní, "Dúpẹ́, ta ni màmá yìí? Ó jọ pé wọ́n mọ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ará abúlé wa ni, mà."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí àyà wọn. Wọ́n yíjú sí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, wọ́n kà á tán. Wọ́n yọ pẹ́ńsù nínú gèlè. Mo ní ó parí, wọ́n á fi àmì sí i báyìí, gbogbo gbọ̀ngàn á mọ̀. Wọ́n di pẹ́ńsù mú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá a padà sínú gèlè. Obìnrin tó ń tún ara ògiri mẹkáníìkì ṣe fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o, mà." Wọ́n sì jáde.

Ẹ! Màmá tó ń pè mí ní "o" láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, "ẹ" ni wọ́n fún mi. Wọ́n fún mi ní ọ̀wọ̀ tí a ń fún àlejò.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ti bu oúnjẹ mi, wọ́n ti dé e. "Lọ jẹun," ni wọ́n wí, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ó bọ́ lẹ́nu mi ni." Màmá gbé abẹ́rẹ́ dúró. "Mo gbọ́ pé ó bọ́. Ta ló sọ ọ́?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo nílò: èmi ni, Màmá. Wọ́n dúró dè mí títí, kí wọ́n tó padà sí ìránṣọ wọn.

Wọn ò bèèrè mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kan. Ọyẹ́ ọdún yẹn ni ikọ́ mú wọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mò ń fi omi gbígbóná nu ọwọ́ wọn ní òwúrọ̀ kan, wọ́n la ojú. "Dúpẹ́, ṣé kò sí nǹkan?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Mo ní, "Kò sí nǹkan, Màmá." Wọ́n ní, "Kò burú." Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ.

Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, àwọn obìnrin náà tẹ́ aṣọ sí àgbàlá. Ìyá Sọdíìq ló rí i. Nínú igun tó ṣófo, Màmá ti fi pínnì gún káàdì Aláúsá mọ́ aṣọ. N kò mọ ìgbà tí wọ́n lọ gbà á. Kò sí àmì lára rẹ̀, kò sì sí òwú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá kì í rán ohun tí ẹni tó ni ín kò tíì sọ. Ìyá Sọdíìq ka káàdì náà síta fún àwọn yòókù. "Obìnrin abúlé? Abúlé wo? Ta ló ṣe irú èyí?"

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo ya á."

Mo retí pé Ìyá Sọdíìq náà á pè mí ní "ẹ." Ojú rẹ̀ le, kò sì pẹ́ tó fi sún fún mi ní ibi tó jókòó sí. Ó ti òwú pupa bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Jókòó. Máa sọ ọ́."

Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni Ìyá Sọdíìq ń rán an: obìnrin kan tó na ọwọ́ òsì, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí àyà, àti ọmọbìnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n bi mí bí ẹ̀yìn mi ṣe rí lọ́jọ́ náà, mo sọ fún wọn. Kò sí ẹni tó ní kí n má sunkún, kò sì sí ẹni tó ní ó ti tán. Nígbà tó kan káàdì, Ìyá Sọdíìq na pẹ́ńsù kúkúrú yẹn sí mi, mo fi àmì sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ABULE fi di àbùlẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi. Màmá nìkan ni kò gbọ́.